Ọtí èso nílé: ṣíṣe wáìnì ní Abẹ́òkúta láti ìgbà ọyẹ́ dé ìgbà òjò

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe wáìnì nílé ní Abẹ́òkúta kò ní wá èso tì. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó wà ní Kútọ̀, sóbò gbígbẹ wà ní Láfẹ́ńwá, àsìkò agbálùmọ̀ ń lọ, ti máńgòrò ń wọlé dé. Ṣúgà kò jìnnà, ìwúkàrà kò sì wọ́n. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ ni ooru àti afẹ́fẹ́. Ooru yàrá ló ń sọ ọtí di nǹkan tó ń ta ọ̀fun. Afẹ́fẹ́ tó wọlé lásìkò tí kò yẹ ló ń sọ ọ́ di fínígà. Mo ti rí ọtí tó jẹ́ pé èso tó dára jù lọ́jà ni wọ́n fi ṣe é, tó sì kan pátápátá kó tó pé oṣù méjì. Mo sì ti mu èyí tí wọ́n fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti ń rọ̀ ṣe, tó dùn títí dé ìsàlẹ̀ ìgò, torí pé ẹni tó ṣe é mọ ibi tó yẹ kó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra èso rárá, ẹ kọ́kọ́ yan ìgbà, kí ẹ sì yan yàrá.

Ìgbà wo, yàrá wo?

Ìwúkàrà, èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pè ní yíìsì, ohun abẹ̀mí ni. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì. Láàárín 20°C sí 28°C ni ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ jù. Tó bá ti kọjá 30°C, ó máa ń sáré jù, òórùn èso á bá gáàsì lọ, ọtí á sì ní ìta kan tí kì í tán bọ̀rọ̀. Tó bá ti kọjá 40°C, kíkú ló máa kú.

Ẹ wá wo ojú ọjọ́ wa. Oṣù Kejì dé oṣù Kẹrin, ooru ọ̀sán lè dé 35°C, inú ilé tí wọn ò sé àjà rẹ̀ lábẹ́ páànù sì máa ń gbóná ju ìta lọ. Ìgbà méjì ló dáa láti bẹ̀rẹ̀: ìgbà ọyẹ́, láti ìparí oṣù Kejìlá wọ oṣù Kìíní, nígbà tí òru ń tutù, àti oṣù Keje sí Kẹjọ, nígbà tí òjò ti jẹ́ kí ilẹ̀ tutù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti máńgòrò kò ní yàn ju inú ooru lọ, àmọ́ kí ó ti múra sílẹ̀ fún un.

Yàrá tó wà nísàlẹ̀ ilé dára ju ti òkè lọ. Ilẹ̀ símẹ́ńtì dára ju orí tábìlì lọ. Àwọn tó ń gbé nínú ilé alámọ̀ àtijọ́ ní Àké tàbí Ìtokò ní nǹkan tí owó kò lè rà: ògiri amọ̀ tó nípọn máa ń jẹ́ kí ooru ọ̀sán pẹ́ kó tó wọlé. Kì í ṣe ilé ìdáná, torí iná sítóófù àti torí kantíkantí. Kó jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé.

Tí yàrá yín bá ṣì gbóná lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sínú basíà tí omi wà nínú rẹ̀ dé ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ẹ fi aṣọ ìnura tó rin wé e lára, kí etí aṣọ náà wà nínú omi. Aṣọ á máa fa omi gòkè, afẹ́fẹ́ á máa gbẹ ẹ́, gbígbẹ yẹn ló ń gbé ooru lọ, bí ìkòkò àmù ṣe ń mú omi tutù lábẹ́ ilé. Nínú ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ọgbọ́n yìí máa ń ṣiṣẹ́ gidigidi. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Omi dídì nínú ike ni kí ẹ máa jù sínú basíà nígbà náà, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Tí iná kò bá sí, ẹ ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ẹ má ṣe ju yìnyín sínú ọtí fúnra rẹ̀ o.

Àwọn ohun èlò

Fún lítà márùn-ún, ẹ máa nílò bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó gba lítà mẹ́wàá, kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún méjì, asẹ́, aṣọ funfun tó mọ́ fún sísẹ́, igi ìrokà onírin tí kì í dípẹtà, ìwọ̀n tí àwọn tó ń yan kéèkì ń lò, àti rọ́bà tó gùn tó mítà kan ààbọ̀ fún fífa ọtí. Rọ́bà dírípù tuntun láti ilé oògùn dára fún èyí.

Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti rọ epo pupa tàbí kẹrosíìnì sí rí kò ṣeé lò, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Òórùn ti wọ inú ike náà. Kẹ́ẹ̀gì omi tàbí ti òróró tuntun ni kí ẹ wá. Bákan náà, ìkòkò alumíníọ̀mù kò dára fún èso kíkan. Ọsàn àti sóbò máa ń jẹ ẹ́ lára, ìtọ́wò irin á sì bọ́ sínú ọtí. Ìkòkò tánganran tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò.

Ẹ máa nílò ohun tí gáàsì á fi jáde tí afẹ́fẹ́ kò fi ní wọlé. Airlock ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ a lè ṣe é nílé. Ẹ lu ihò kékeré sí ìdérí kẹ́ẹ̀gì, ẹ ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ fi àbẹ́là yíyọ́ dí etí ihò náà yíká, kí ẹ wá ti ẹnu rọ́bà kejì bọ inú ìgò tí omi wà nínú rẹ̀. Gáàsì á máa hó jáde nínú omi, kò sí ohun tó lè gba ibẹ̀ padà wọlé. Ẹ má fojú kéré èyí. Kílò ṣúgà kan, tí ìwúkàrà bá jẹ ẹ́ tán, máa ń mú gáàsì tó ju lítà 250 lọ jáde. Ẹni tó bá dé kẹ́ẹ̀gì pa pinpin, bíbẹ́ ló máa bẹ́.

Ohun kan tó kù, tí mo fẹ́ kí ẹ náwó lé lórí tí owó bá wà, ni háídírómítà: ọ̀pá dígí kan tí ń léfòó, tó ń sọ bí ṣúgà inú omi ṣe pọ̀ tó. Nínú omi lásán, ó máa ń fi 1.000 hàn. Bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ sí i ni nọ́ńbà ń gòkè. Bí ìwúkàrà bá ṣe ń jẹ ẹ́ ni nọ́ńbà ń sọ̀ kalẹ̀. Láìsí i, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọtí ti jinná tàbí ó kàn dákẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni wọ́n ṣe fún omi tó wà ní 20°C. Tí ọtí yín bá wà ní 30°C, ẹ fi 0.002 tàbí 0.003 kún ohun tó bá fi hàn.

Ní ti fífọ nǹkan: ọṣẹ àti omi lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ fi omi tí ẹ da sodium metabisulfite díẹ̀ sí, kẹ́míkà kan tí ń pa kòkòrò àìrí, ṣàn wọ́n. Àwọn tó ń ta kẹ́míkà fún iléèwé máa ń ní in. Ẹni tó bá ní ikọ́ asímà kó má fa èéfín rẹ̀ símú. Àwọn tó bá ń lo oògùn ìfọṣọ funfun, ìyẹn bleach, kí wọ́n fi omi gbígbóná tí kò hó ṣàn án léraléra títí òórùn rẹ̀ á fi tán, torí bó bá ṣẹ́kù, ọtí á máa rùn bí aṣọ tó bu.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó: èyí tó yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Mo yàn án torí pé kíkan rẹ̀ ti tó fúnra rẹ̀, ẹ ò ní máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ kún un, ó sì máa ń sẹ́ kedere láìsí wàhálà. Tí ẹ bá dé Kútọ̀, ẹ má ra aláwọ̀ ewé. Ẹ gbé e sí imú níbi ìdí rẹ̀. Tí kò bá ta sánsán, kò tíì tó. Èyí tó ti ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí àwọn ìyá ń fi tọrọ kó tán lálẹ́, kò burú, bí ẹ bá ti lè gé ibi tó rà kúrò. “Ìyá, ẹ bá mi wá èyí tó ti pọ́n jù” ni kí ẹ sọ fún wọn. Inú wọn á dùn, owó yín á sì kù.

*Ọjọ́ kìíní.* Ẹ bó o, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ wọn kílò méjì ẹran rẹ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó mọ níwọ̀n á tó. Ẹ fi ọwọ́ tó mọ́ fún un nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má lọ̀ ọ́ nínú bílẹ́ńdà títí tó fi di ìyẹ̀fun, sísẹ́ rẹ̀ á le. Ẹ yọ́ ṣúgà 900 giráàmù nínú omi gbígbóná lítà méjì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á lé e. Ẹ fi ife tíì dúdú kan tó le kún un, láìsí mílíìkì. Ohun tó wà nínú ewé tíì máa ń jẹ́ kí ọtí ní ara lẹ́nu. Ẹ wá fi omi sí i títí gbogbo rẹ̀ á fi tó lítà márùn-ún. Ẹ lọ tábúlẹ́ẹ̀tì Campden kan, ẹ dà á sí i, ẹ rò ó, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Tábúlẹ́ẹ̀tì yìí ló máa pa àwọn kòkòrò àìrí tó bá èso wá láti oko.

Ẹni tí kò bá rí i rà, kó da omi ṣúgà náà lé èso nígbà tó ṣì ń hó, kó bò ó, kó sì dúró títí á fi tutù dáadáa. Kò dára tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ ó ṣeé ṣe.

Tí ẹ bá ní háídírómítà, ibi tí ẹ ti máa lò ó nìyí. Ó yẹ kó wà láàárín 1.085 sí 1.090. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

*Ọjọ́ kejì.* Ìwúkàrà. Èyí tí wọ́n ṣe fún wáìnì ló dára jù. Ìdì kékeré 5 giráàmù tó fún lítà 20, nítorí náà ìdajì rẹ̀ ti pọ̀ tó fún lítà márùn-ún. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní EC-1118 lè fara da ooru dé 30°C, ó sì wúlò níbí nítorí ìyẹn. Ìwúkàrà búrẹ́dì á ṣiṣẹ́, àmọ́ ó sábà máa ń rẹ̀ ẹ́ kí ọtí tó lágbára, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kì í sì í dì mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ṣí kẹ́ẹ̀gì nípò báyìí, gbogbo rẹ̀ á tún dà rú.

Ẹ má ṣe wọ́n ọn gbẹ sójú omi. Ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ife, kó má ju 40°C lọ. Tó bá gbóná mọ́ ọwọ́ yín, ó ti pọ̀ jù. Ẹ wọ́n ìwúkàrà sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Tó bá ti ń hó, ẹ bu ṣíbí díẹ̀ nínú omi èso sí i, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún bu sí i, kí ara rẹ̀ lè mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

*Ọjọ́ kẹta dé ọjọ́ keje.* Èso á gbéra sókè, á dà bíi pé nǹkan ń hó lórí iná. Ẹ máa ti èso náà wọlẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ rò ó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ yìí, afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ̀tá. Ìwúkàrà nílò rẹ̀ láti bí sí i. Aṣọ tí ẹ dè mọ́ ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì ti tó, ṣùgbọ́n ẹ dè é le nítorí kantíkantí.

*Ọjọ́ keje tàbí kẹjọ.* Híhó rẹ̀ ti rọlẹ̀. Láti wákàtí yìí lọ, afẹ́fẹ́ ti di ọ̀tá. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fún aṣọ náà díẹ̀, kì í ṣe tagbáratagbára. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kó kún dé ọrùn, ẹ fi airlock sí i, ẹ gbé e sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Tí kò bá kún, ẹ rọ ọ́ sínú èyí tó kéré sí i. Àlàfo ńlá lókè ọtí, ilé afẹ́fẹ́ ni.

*Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin.* Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á ti dì sísàlẹ̀. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sórí tábìlì ní ọjọ́ kan ṣáájú, kó lè tún fara balẹ̀. Ẹ ti rọ́bà bọ̀ ọ́, kí ẹnu rẹ̀ má kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹ fi omi mímọ́ kún rọ́bà dípò kí ẹ fi ẹnu fà á, ẹ sọ etí kejì sínú kẹ́ẹ̀gì kejì tó wà nílẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ọtí máa ṣàn wọlé jẹ́jẹ́ láìta. Ẹ dúró nígbà tó bá ku díẹ̀. Ọtí ife kan tí ẹ pàdánù sàn ju ìdọ̀tí tí ẹ fà bọ̀ lọ. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù méjì méjì títí ẹ fi máa lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Tí háídírómítà bá fi nọ́ńbà kan náà hàn lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ mẹ́ta síra wọn, láàárín 0.990 sí 1.000, ó ti jinná. Láti mọ agbára rẹ̀, ẹ yọ nọ́ńbà ìkẹyìn kúrò nínú ti àkọ́kọ́, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 131. Bí àpẹẹrẹ, 1.087 dín 0.996 jẹ́ 0.091, ìlọ́po 131 rẹ̀ jẹ́ bí 12. Ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, bí ti wáìnì tí wọ́n ń gbé wá láti òkè òkun.

Sóbò, ayọ̀ gbogbo àsìkò náà

Nínú gbogbo ohun tí a rọ sí kẹ́ẹ̀gì láti ìgbà ọyẹ́ dé ìgbà òjò, sóbò ló dùn mọ́ mi jù. Àwọ̀ rẹ̀ pupa bí ọtí àjàrà gidi, kò sí ẹran èso tí a máa sẹ́, ó sì tètè mọ́. Ohun tí a ń sè ni awẹ́ òdòdó ìṣápá pupa tó ti gbẹ. Ẹ ṣà á dáadáa kí iyanrìn kúrò, ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, ẹ wọn 80 giráàmù, ẹ da omi híhó lítà mẹ́ta lé e nínú ìkòkò tánganran. Ìṣẹ́jú 20 ti tó. Tí ẹ bá sè é títí, á korò.

Kò sí ṣúgà nínú rẹ̀ bíi ti èso, nítorí náà kílò kan àti 100 giráàmù ni kí ẹ fi sí i fún lítà márùn-ún. Kò sì sí oúnjẹ fún ìwúkàrà nínú rẹ̀, ibi tó ti ń kọsẹ̀ nìyí. Ìwúkàrà kò lè fi ṣúgà nìkan gbé ayé. Tí ebi bá pa á, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú òórùn ẹyin tó bàjẹ́ jáde. Oúnjẹ ìwúkàrà wà tí wọ́n ń tà. Ẹni tí kò bá rí i, kó wá ṣíbí kékeré ìwúkàrà búrẹ́dì kan, kó sè é nínú omi díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó dà á sí i. Ìwúkàrà ààyè máa ń jẹ òkú èyí tí a sè. Àjàrà gbígbẹ tí àwọn ènìyàn máa ń dà sí i kò fi bẹ́ẹ̀ ní oúnjẹ yìí nínú.

Tí òórùn ẹyin bá ti yọ, ẹ má dà á nù. Ẹ tètè fún un ní oúnjẹ, kí ẹ sì fi rọ́bà fà á sínú kẹ́ẹ̀gì mìíràn kó máa ta sókè díẹ̀ bó ṣe ń ṣàn. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbà kí ọtí tó ti wọ kẹ́ẹ̀gì ta nìyí. Òórùn náà sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, kì í lọ mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ máa ń pa àwọ̀ sóbò. Ẹ fi aṣọ dúdú bo kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

Máńgòrò tó kọ̀ tí kò mọ́

Ti oṣù Kẹrin nira. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ìtọ́wò rẹ̀ dára, àmọ́ oṣù kan lọ, oṣù mìíràn lọ, ó ṣì dúdú bí omi àgbàrá. Ohun tó fà á ni pẹ́kítìn, nǹkan inú èso tí ń mú kí jáàmù dì. Máńgòrò ní i púpọ̀, tí ẹ bá sì sè máńgòrò, ńṣe ni ẹ tú gbogbo rẹ̀ sínú omi.

Láti mọ̀ bóyá pẹ́kítìn ni, ẹ bu ṣíbí ọtí kan sínú ife kékeré, ẹ da spírítì ilé oògùn ṣíbí mẹ́rin sí i. Tí nǹkan bí okùn tàbí bí itọ́ bá yọ nínú rẹ̀, òun ni. Ẹ da ti inú ife náà nù. Májèlé ni spírítì, kò gbọdọ̀ kan ẹnu. Ẹ má sì padà lo ife náà láìfọ̀ ọ́ dáadáa.

Àtúnṣe rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ló wà. Wọ́n ń ta ẹ́ńsáìmù kan, pectic enzyme, tí ń gé pẹ́kítìn wẹ́wẹ́. Ẹ fi sí i ní ọjọ́ kìíní, kó tó kan ìwúkàrà, bí ìwé ara rẹ̀ bá ṣe wí. Lẹ́yìn tí ọtí bá ti lágbára tán, ó ṣì lè ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ máa lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa dúró pẹ́. Ẹ má sì se máńgòrò náà rárá. Àti pé ọtí tó dúdú kì í ṣe ọtí tó bàjẹ́. A mu tiwa nínú ife tánganran, ó dùn.

Agbálùmọ̀ tún ní tirẹ̀: oje inú èèpo rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan. Ẹran inú nìkan ni kí ẹ lò, kí èèpo má wọ̀ ọ́. Kajú ń fún ahọ́n pọ̀. Ní Íńdíà, omi ìrẹsì sísè ni wọ́n máa ń pò mọ́ omi rẹ̀ kí ohun tó ń fún ahọ́n náà lè dì mọ́lẹ̀, kí wọ́n tó sẹ́ ẹ. Ti ọsàn, ẹ bó funfun abẹ́ èèpo rẹ̀ tán pátápátá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kíkorò rẹ̀ ò ní jẹ́ kí ẹ gbádùn ẹ̀.

Nígbà tí ọtí bá kan

Arábìnrin kan ní Àsẹ̀rọ̀ pàdánù lítà mẹ́wàá ọtí ọsàn ní ìgbà ooru. Omi inú ìgò airlock rẹ̀ ti gbẹ nígbà tó rìnrìn àjò, kantíkantí sì wọlé. Kòkòrò kékeré yìí, tí a mọ̀ dáadáa nídìí ẹmu, máa ń gbé kòkòrò àìrí kan rìn tí ń sọ ọtí di kíkan. Kòkòrò àìrí náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo nípa àlàfo, nípa rọ́bà, nípa omi inú airlock. Nínú ọyẹ́ pàápàá, omi náà máa ń yára gbẹ. Ẹ máa wò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Kò sí oògùn fún ọtí tó ti kan. Ẹ má ju ṣúgà sí i, ẹ má ju ìwúkàrà tuntun sí i. Ẹ gbé e jìnnà sí gbogbo kẹ́ẹ̀gì yòókù, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ jẹ́ kó kan parí. Fínígà tó dára ló máa dà, fún sàláàdì àti fún fífọ ẹran. Ẹ má sì lo kẹ́ẹ̀gì náà fún wáìnì mọ́.

Èyí tó yàtọ̀ ni ọtí tó dákẹ́ sójú ọ̀nà, tí nọ́ńbà rẹ̀ dúró sórí 1.030 tí kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ooru ló sábà máa ń fà á, tàbí ebi. Ẹ kọ́kọ́ mú un tutù. Lẹ́yìn náà ẹ jí ìwúkàrà tuntun nínú ife, ẹ bu ọtí náà sí i díẹ̀díẹ̀, ife kan, kó hó; ife méjì, kó hó; títí gbogbo rẹ̀ á fi wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá da ìwúkàrà tuntun sínú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọtí tó wà níbẹ̀ á pa á.

Ìgò

Ìgò wáìnì kò wọ́n nílùú tí òde àríyá ti ń wáyé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ bẹ àwọn tó ń gbá gbọ̀ngàn lẹ́yìn ayẹyẹ, wọ́n á kó o fún yín. Èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ yíyí ló rọrùn jù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi metabisulfite ṣàn án, ẹ da tábúlẹ́ẹ̀tì Campden kan tí ẹ ti lọ̀ sí lítà márùn-ún, ẹ wá rọ ọ́ dé ìwọ̀n ìka méjì sí ìdérí.

Ẹni tó bá fẹ́ kó dùn bíi ṣúgà, ibi yìí ló ti yẹ kó ṣọ́ra jù. Ọtí tí a fi ṣúgà kún kí a tó dé e lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú ìgò, ìgò á sì fọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Àfi kí ẹ fi potassium sorbate, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ìwúkàrà bí sí i mọ́, sí i pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó rọrùn jù kí ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ dídùn fi ṣúgà sí ife tirẹ̀.

Ẹ tẹ́ ìgò sílẹ̀ ní ibi tó tutù jù nínú ilé, kì í ṣe orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti ṣeé mu lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nínú ìgò. Sóbò ń fẹ́ mẹ́fà. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan: èso, ọjọ́, nọ́ńbà àkọ́kọ́, nọ́ńbà ìkẹyìn, àti bí yàrá ṣe gbóná tó lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Fún ilé àti àlejò ni gbogbo èyí. Ẹni tó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ gba ìwé NAFDAC. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ọtí èso yìí kaná láti fi se ògógóró nílé. Lọ́dún 2015, ògógóró tí methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers àti ní Òǹdó. Wáìnì tí a kò sè kì í kó methanol jọ bẹ́ẹ̀; ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe jáde nínú kẹ́ẹ̀gì.

Tí òjò oṣù Keje bá ti mú ilẹ̀ tutù, ẹ fọ kẹ́ẹ̀gì yín, kí ẹ tún lọ sí Kútọ̀.